Ṣé A Ti Balẹ̀?

Àga tí ìyá náà jókòó lé kò ga rárá. Àga kúkúrú tí mo fi ń fọṣọ ni. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ń rọ̀ dirodiro, ó sì di àga mú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Mo rò pé ìyá ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa ni.

Ilé kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Awakọ̀ bàlúù ni ọkọ mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bó ṣe máa ń gbé bàlúù sọlẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, bàlúù rẹ̀ já lulẹ̀ gbì, táyà bẹ́. Gbogbo èrò ló yè, àfi ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ìdí nìyẹn táwọn aládùúgbò fi wá kí wa kú ewu.

Ọkọ mi ń ròyìn. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ti àwọn lulẹ̀. Ó ní ìyá tó kú yẹn, ará oko ni, kò wọ bàlúù rí. Ó ní àwọn ò tíì balẹ̀ tó ti tú bẹ́líìtì, tó dìde ń wá ẹrù kiri bí ẹni fẹ́ sọ̀ ní ìdíkọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ìyá orí àga kò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé omi fún un, kò gbà á. Ó kàn rọra bi mí bóyá ọkọ mi ló wa bàlúù náà. Aṣọ rẹ̀ ń rùn bí epo, irú òórùn tó máa ń wà lára aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi.

Nílé ìdáná ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò nínú bàlúù náà ti wá bá mi. Ó gbé ife tó mú lọ́wọ́ kalẹ̀.

"Àǹtí, ìyá tó wà lórí àga yẹn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "èmi ni mo fi aṣọ bò ó lójú."

Òun ló wá sọ ohun tí ọkọ mi kò sọ. Ọkọ mi ní fáàrí kan: kí táyà tó kan ilẹ̀, yóò ti sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé, "Ẹ kú ìrìnàjò o, a ti balẹ̀," kó lè ya àwọn èrò lẹ́nu pé àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Wọn a sì pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ tí bàlúù fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá yẹn gbọ́ pé a ti balẹ̀, ó gbà á gbọ́, ó dìde.

"Iléeṣẹ́ wa ti ń sọ fún àwọn ọmọ ìyá náà pé òpè ni ìyá wọn," ni ó wí. "Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n sọ òótọ́."

Nígbà tí a padà sí pálọ̀, ìyá náà ti kọjú sí ọkọ mi. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, síbẹ̀ gbogbo wa gbọ́.

"Ọ̀gá awakọ̀, ṣé a ti balẹ̀?"

Ọkọ mi dá a mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó wo àwọn àlejò, ó wá wò mí. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́wọ́. Èmi ni mo mi orí fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ojú àwọn èèyàn.

"A ti balẹ̀, ìyá," ni ó wí.

Ìyá náà tú ohun kan níbàdí bí ẹni tú bẹ́líìtì, ó dìde. Gbogbo ilé já lulẹ̀ gbì. Àwọn ife fò lórí tábìlì. Nígbà tí a máa lajú, àga ti ṣófo. Àwọn àlejò ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Láti ìgbà náà, ibi yòówù kí ọkọ mi jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Á di àga mú, á máa wò mí lójú, á rọra bi mí bóyá a ti balẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo jókòó tì í láti dá a lóhùn. Mo wo ilẹ̀, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ tèmi náà kò kàn án mọ́.