Burulai àti Ṣúgà Ẹyọ Kan

Orúkọ ọmọ náà ni Burulai. Láàárọ̀ òní, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ọdún Nooruz, ọdún tuntun wọn, ti ń kanlẹ̀kùn. Tó bá dé, Burulai àti màmá àgbà ni yóò jọ ta kòmúsì níwájú gbogbo abúlé.

Ohun èlò orin ni kòmúsì, kò tóbi. Irin kékeré ni, àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Eyín iwájú la fi ń gbé e, ìka la fi ń ta ahọ́n rẹ̀.

Dóìn-ìn-ìn!

Tí màmá àgbà bá ta á, ẹṣin ló ń sáré. Tí wọ́n bá tún un ta, odò ló ń ṣàn. Eyín wọn pé, ó sì funfun báláú.

"Ẹ wo àgbà tó ń fi eyín kọrin," làwọn ará abúlé máa ń wí.

"Èmi náà á ta á bẹ́ẹ̀," ni Burulai wí.

Burulai fẹ́ràn ṣúgà líle, èyí tó ń dán bíi dígí. Tí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀, sílẹ̀, tí tíì gbígbóná bá dé, gbogbo ilé á fi ṣúgà sẹ́nu, wọn á mu tíì lé e.

Tilek ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rún tirẹ̀. Kàrà, kàrà. Ó tán.

Burulai kì í rún tirẹ̀. Ọmọ ọlọ́gbọ́n! Á tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú rògòdò.

Ó ń bọ́ àgùntàn, ṣúgà wà lẹ́nu. Mùìn, mùìn.

Ó ń ṣeré níta, ṣúgà wà lẹ́nu. Mùìn, mùìn.

Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á yọ ọ́ sápò. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, á dá a padà sẹ́nu.

"Tilek jẹ mẹ́ta," ni Burulai máa ń wí. "Ẹyọ kan ni tèmi."

Òótọ́ ni. Ẹyọ kan ni.

Láàárọ̀ òní, Burulai gbé kòmúsì sí eyín. Ó ta á. Dóì—

"Yéè!"

Oró náà ta dé etí.

"Màmá àgbà, eyín ń dùn mí."

"Ya ẹnu, ìyá mi." Màmá àgbà wò ó. Ihò dúdú kékeré kan wà lára eyín iwájú.

Burulai bú sẹ́kún. "Mi ò ní lè ta kòmúsì mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ bàtà rẹ, ó yá."

Wọ́n lọ bá Dókítà Saltanat, tó ń tọ́jú eyín.

"Ṣúgà mélòó lò ń jẹ lójúmọ́?" ni dókítà bi í.

"Ẹyọ kan ni, mà. Ẹ bi màmá àgbà."

"Kò purọ́," ni màmá àgbà wí.

"Ẹyọ kan yẹn, báwo ló ṣe ń pẹ́ lẹ́nu tó?"

Burulai wo ilẹ̀. "Láti àárọ̀, títí àgùntàn á fi wọlé."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Tí òjò bá rọ̀ wàà, tó dá, ilẹ̀ á gbẹ. Èyí tó ń kán tó, tó, tó, látàárọ̀ dalẹ́ ńkọ́?"

"Ẹrẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Itọ́ ló ń fọ eyín wa. Ìwọ ò fún itọ́ láyè kó ṣiṣẹ́."

Dókítà fọ ihò náà. Ṣìn-ìn-ìn. Ó dí i. Ẹ̀rù ba Burulai, ó di màmá àgbà lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu dé. Akin ni ọmọ yẹn.

Lójú ọ̀nà ilé, ó béèrè pé, "Màmá àgbà, kí lẹ ṣe tí eyín yín fi dáa báyìí?"

"Mò ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí a bá tẹ́ aṣọ oúnjẹ, mo jẹ ṣúgà. Tí a bá ti ká aṣọ, ẹnu mi náà ti palẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ ká aṣọ oúnjẹ nílẹ̀. Ṣúgà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Burulai.

Ó rò ó. Ó rò ó títí.

Kàrà, kàrà. Ó tán. Ó mu omi lé e. Gbìgì.

Nídìí àgùntàn, ẹnu ń wá nǹkan kiri.

"Ẹnu, ṣe sùúrù," ni Burulai wí. Ó mu omi. Ebi pa á, ó gé wàrà gbígbẹ jẹ.

Tilek wò ó. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ dà? Ta ló jí i?"

"Àgùntàn ni," ni Burulai wí.

Kò rọrùn o. Ọjọ́ mìíràn, ọwọ́ á ti dé inú ìkòkò ṣúgà. Á tún yọ ọ́ kúrò. Ọmọ kékeré, ọkàn ńlá.

Ọdún Nooruz dé. Gbogbo abúlé pé. Burulai gbé irin sí eyín. Ó dijú.

Dóìn-ìn-ìn!

Kò dùn ún rárá.

Màmá àgbà ń ta, Burulai ń ta. Ẹṣin ń sáré, odò ń ṣàn.

Nígbà tó yá, màmá àgbà rọra gbé tiwọn sílẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n ń gbọ́.

Burulai nìkan ló kù. Dóìn, dóìn, dóìn-ìn-ìn!

"Ẹ wo ọmọ tó ń fi eyín kọrin," ni màmá àgbà wí.