Yàrá Keje Tó Wà Nínú Ìwé Báǹkì

Yàrá mẹ́fà ni Karimat kà nínú ilé náà. Ìwé báǹkì sọ pé méje ni.

Ó jókòó síwájú Ọládiípọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ilé ní báǹkì ọ̀hún, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí i padà bíi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àlàyé wà. Wọ́n ti ya àwòrán ilé náà síbẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀ gún. Yàrá mẹ́ta lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Ìkẹrin tó wà nísàlẹ̀ yìí, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá ọ̀tún, ni kò mọ̀ rí. Wọ́n kọ gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì kọ gbólóhùn kékeré kan sábẹ́ rẹ̀: Yàrá yìí kò ní fèrèsé, àmọ́ ó tutù.

Kì í ṣe pé Karimat kò mọ ilé náà. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń wò ó. Aránṣọ ni, Ọjà'ba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nísàlẹ̀ Mápó, aṣọ ilé-ìwé ló sì ń rán. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, Jamilah ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ ní Ìwó, òun nìkan ló wá ń gbé yàrá kan ní Ìdí Arẹrẹ, níbi tí òjò ti ń bá a du bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tó rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn ní Bẹyẹrúnká, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí ògiri rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo igi, ńṣe ló dúró láàárín ọ̀nà, ó ní, "Èyí ni tèmi." Díẹ̀ ló kù kí ọlọ́kadà gbá a níbi tó dúró sí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà bi í pé ta ni yóò fún ẹni tí kò gba owó oṣù lówó ra ilé, ilé tó tún ti ń wó lọ. Karimat kò bá wọn jiyàn. Ó wá báǹkì kan tí kì í gba èlé, tó máa ń ra ilé fún èèyàn kí onítọ̀hún máa san án díẹ̀díẹ̀, tó sì máa ń fún un lówó àtúnṣe bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ sí. Nígbà tí Ọládiípọ̀ bi í pé ìwé owó oṣù rẹ̀ dà, ó ní ọwọ́ òun ni ọ̀gá òun. Ó kó àkọsílẹ̀ báǹkì ọdún méjì jáde, ó kó ìwé owó orí tó lọ gbà ní Agodi, ó kó ìwé tí ìjọba fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ àti lẹ́tà àwọn ilé-ìwé tó ń rán aṣọ fún. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ọmọkùnrin náà wò wọ́n títí, kò rí ibi tí yóò ti mú un.

Ohun tó kù ni kí báǹkì rán ayẹléwò wá, ẹni tí yóò wọn ilé náà, tí yóò sì sọ bó ṣe níye lórí tó. Ọ̀gbẹ́ni Joseph ni wọ́n rán. Karimat ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó padà sọ́jà, ó sì lọ tilẹ̀kùn nígbà tí ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ láago pé òun ti ṣe tán. Ìwé tí Joseph kọ ló wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ọládiípọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò burú rárá, pé yàrá keje yìí gan-an ló jẹ́ kí àwọn ọ̀gá òun gbà pé ilé náà tó ohun tí báǹkì lè náwó lé.

"Ẹ fọwọ́ sí i, mà," ni ó wí. "Tí fáìlì yìí bá padà sẹ́yìn, mi ò lè ṣèlérí pé yóò tún jáde."

Karimat gbé bírò sílẹ̀. Gbogbo ìrètí rẹ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn, ṣùgbọ́n ó ti rán aṣọ pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí wíwọ̀n bá ti yẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí àrà tí abẹ́rẹ́ lè dá sí i mọ́.

"Mi ò ní fọwọ́ sí yàrá tí mi ò rí," ni ó wí. "Ẹ rán ẹlòmíì wá. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n rán lẹ́ẹ̀kejì, Olúwakẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ó wọ bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ariwo ọ̀kadà ń wọlé láti ìta, síbẹ̀ ilé náà dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Karimat ń tẹ̀lé ayẹléwò yìí láti yàrá dé yàrá. Wọ́n wọn tòkè tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọn ìkẹfà tán ni fóònù Karimat dún, ọ̀gá ilé-ìwé kan ló ń béèrè aṣọ. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà kó lè gbọ́ ohun tí ẹni náà ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Nígbà tó wọlé padà, Olúwakẹ́mi ń bọ̀ láti ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọn eruku kúrò létí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ó pé méje, mà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, màmá yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè jáde. Wọ́n ní kí n wọn yàrá àwọn dáadáa."

"Màmá wo?"

"Màmá tó wà nínú yàrá. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ fi ń jẹun."

Karimat fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ilé náà ti wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ní, èyí tí ẹbí tó ń tà á fún un, sì wà níbẹ̀. Ó dúró kí obìnrin náà lọ tán, ó wá rìn lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ògiri ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé lọ́jọ́ pípẹ́, kò sí àmì ìlẹ̀kùn kankan lára rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó tutù bí ara ìkòkò omi. Ohun funfun kan ti hù jáde lábẹ́ ọ̀dà náà. Ó fi ìka kàn án, ó fi ìka náà kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ilé Mọ́gàjí ló gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn Bàbá Sàláúdéènì, olórí ẹbí tó ń ta ilé náà. Ó bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Bàbá, ta lẹ mọ ògiri dí mọ́nú ilé yín?"

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jù ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn lọ.

Ó ní Ràbíátù oníyọ̀, ìyá tó bí bàbá òun, ló kọ́ ilé náà. Orí ló fi ru iyọ̀ títí tó fi kọ́ ọ, kò sí ọkùnrin tó bá a gbé bíríkì kan, àwọn tó sì bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun lówó páànù fi í rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín sínú yàrá rẹ̀ bí wọ́n ti í ṣe láyé ijọ́un. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ fẹ́ fi ilé náà gba ayálégbé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá sàréè gbélé. Ni wọ́n bá mọ bíríkì dí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, wọ́n pa á mọ́ra. Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ẹni mẹ́ta ló ti fẹ́ ra ilé yẹn ṣáájú rẹ," ni bàbá náà wí. "Gbogbo wọn ló mú ayẹléwò wá. Ọ̀kan jáde, ó ní yàrá mẹ́rin lòun rí. Ọ̀kan ní mẹ́ta. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun kò rí àtẹ̀gùn. Ìwọ nìkan ni wọ́n kà á pé fún." Ó gbójú sílẹ̀. "Tó o bá ní o ò rà mọ́, mi ò ní bínú sí ọ."

Tútù kan gba ẹ̀yìn Karimat kọjá. Ó jẹ́ kó kọjá tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun yóò ra ilé náà, ṣùgbọ́n kí Mọ́gàjí kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé sàréè wà níbẹ̀, kí báǹkì mọ̀, kí ará àdúgbò mọ̀. Ó ní ògiri yẹn ni òun yóò kọ́kọ́ wó, kí òun tó kan páànù kan ṣoṣo.

"Ẹni tó kọ́lé kò ní wà láhàámọ́ nínú ilé tí mò ń gbé," ni ó wí.

Bàbá náà fi etí dàńṣíkí nujú. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá.

Ọ̀rọ̀ sàréè yẹn dá fáìlì náà dúró díẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò báǹkì kọ lẹ́tà síra wọn, Ọládiípọ̀ ń pe Karimat pé kó ní sùúrù. Karimat ní òun ní in. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, báǹkì ra ilé náà, wọ́n sì fún un lówó àtúnṣe àkọ́kọ́.

Misbaudeen bíríkìlà ló wá wó ògiri náà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, Mọ́gàjí sì wá, ṣùgbọ́n ìta ló dúró sí. Bí bíríkì kẹta ṣe bọ́ sílẹ̀ ni atẹ́gùn tútù kan jáde sí wọn, òórùn rẹ̀ dà bíi ti àpò iyọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Misbaudeen wó o débi tí èèyàn lè gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ wọnú yàrá náà lọ. Sàréè wà láàárín, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ẹní kan wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Eruku ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ́ sílẹ̀, ó nípọn.

Misbaudeen gbé ẹsẹ̀ láti wọlé, ó sì fà á padà. "Ìyá Jamilah," ni ó wí pẹ̀lẹ́, "ẹ wo ilẹ̀."

Ipa ẹsẹ̀ wà nínú eruku náà. Ti bàtà ọkùnrin kan, ó tóbi, ó rìn yí ẹ̀bá ògiri po bí ẹni tó ń wọn nǹkan. Ti bàtà obìnrin kan, gìgísẹ̀ rẹ̀ lu ihò kéékèèké sílẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Láti ibi tí bíríkì dí títí di òwúrọ̀ yẹn ni àwọn méjèèjì ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n gbà jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹsẹ̀ kẹta wà, ẹsẹ̀ lásán, ó kéré, ọmọ ìka rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ru ẹrù wúwo. Ó bá wọn dé gbogbo igun. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí sàréè, ó sì tán síbẹ̀.

Misbaudeen ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Ọjọ́ kejì ló tó padà wá.

Karimat bọ́ sálúbàtà sílẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé, mà," ni ó wí. Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀.

Àlùfáà wá ṣàdúà. Wọ́n lẹ táìlì sára sàréè náà, wọ́n lu fèrèsé sí yàrá náà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Wọ́n pààrọ̀ páànù, Karimat kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí yàrá iwájú, ó sì ń sùn dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Àwọn kan béèrè ọ̀nà báǹkì.

Owó àtúnṣe tó gbẹ̀yìn ló kù, Ọládiípọ̀ sì wá fúnra rẹ̀ láti wo iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fún un. Karimat kò sí nílé, ó ti lọ ra aṣọ ní Gbági. Nígbà tó dé, ó bá ọmọkùnrin náà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, ara sì tù ú. Ó ní màmá ti mú òun yí gbogbo ilé ká, lókè nílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fi ibi tí páànù kò tíì wọlé dáadáa han òun. Ó ní wọ́n tún fún òun lómi mu.

Karimat gbé ẹrù orí rẹ̀ sọ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Páànù, tuntun. Yàrá, méje. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé ẹni mélòó ló ń gbé ilé, Ọládiípọ̀ ti kọ ọ́ síbẹ̀: méjì.

Wọ́n ń gbọ́ ìró ife tí ẹnìkan ń ṣan lẹ́yìnkùlé. Ẹni náà da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pẹpẹ, omi sì ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ tọ̀nà, mà?" ni Ọládiípọ̀ béèrè.

"Ó tọ̀nà," ni Karimat wí, ó sì fọwọ́ sí i.