Omi Tí Wọ́n Fi Fọ Pọ́ńpù

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọn ni Kíkẹ́lọmọ ti kọ́kọ́ rí Sùrájù. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka kan férémù ilẹ̀kùn, ó sì tẹ́tí sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ń retí kí ilẹ̀kùn dá yín lóhùn ni?"

"Ó ti dáhùn. Ẹ gbọ́ ibí: kọ́-kọ́. Igi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ibí: bò-bò. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà nìkan ló kù."

Kíkẹ́lọmọ náà kúnlẹ̀, ó kàn án wò. Ọdún 1977 ń parí lọ, kò tíì pẹ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ kó dé Festac, l'Ékòó. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ Sùrájù wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Bàbá Kíkẹ́lọmọ, Alàgbà Adébánjí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn.

"Apakòkòrò? Kí n wí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ ọmọ mi ń lé aáyán kiri? Kó kọ́kọ́ di ọ̀gá ná!"

Sùrájù kò bá a jiyàn. Nínú yàrá rẹ̀ ní Agboju, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo oògùn títí ó fi mọ iye omi tó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1979, wọ́n fi í ṣe olórí òṣìṣẹ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́ rẹ̀. Alàgbà wá dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó sì pe Sùrájù àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá fún ikán tó tún yọjú.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí ìpìlẹ̀ ilé ká, wọ́n da oògùn sí i, wọ́n bò ó. Sùrájù ní kí Mùsúdù, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, da omi tí wọ́n fi fọ pọ́ńpù sínú kòtò kan lọ́tọ̀, kó sì bò ó. Òun wọlé lọ yẹ igi wò. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ni Mùsúdù da omi náà sí. Bíńgò, ajá ilé, lá a. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kíkẹ́lọmọ fa Sùrájù sẹ́yìn ilé.

"Olólùfẹ́ mi, mo rí Mùsúdù láti ojú fèrèsé. Sọ pé òun ni. Bí o bá gba ẹ̀bi náà sórí ara rẹ, Bàbá ò ní fi mí fún ẹ."

"Wọ́n á lé e níṣẹ́, Kíkẹ́. Àti pé ọ̀gá ló yẹ kó dúró ti omi náà títí wọ́n á fi bò ó. N kò dúró."

Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Alàgbà. "Ẹ̀bi mi ni, sà."



"Olóògbé ìyá Kíkẹ́ ló tọ́ ajá yẹn." Alàgbà nu ojú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Fáìlì ló máa ń jẹ̀bi níbẹ̀, n kò rí ọ̀gá kan tó gbà pé òun jẹ̀bi rí. Inú ń bí mi sí ẹ, Sùrájù, kò sì tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn rẹ wá lọ́jọ́ tí a dá. Lọ gbẹ́lẹ̀ fún Bíńgò."

Sùrájù mú ṣọ́bìrì. Kíkẹ́lọmọ gbé ọkọ́ tẹ̀lé e. Ibi tí ilẹ̀ bá le, Kíkẹ́lọmọ a fi ọkọ́ tú u, Sùrájù a kó erùpẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Alàgbà fúnra rẹ̀ gbé ajá náà jáde, ó fi aṣọ wé e. Ó bojú wo inú ihò náà.

"Ẹ jẹ́ kó jìn sí i," ó ní, "ẹ̀yin ọmọ mi."