Ọ̀dà Lórí Ìpẹtà

"Mùníra, ṣé o ti ha á dáadáa? Má fi ọ̀dà bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ o!"

Bàbá rẹ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí àpótí tó jókòó lé lábẹ́ igi máńgòrò. Mùnírátù fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí lábẹ́ bọ́ọ̀sì, búrọ́ọ̀ṣì onírin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpẹtà sì ń já bọ́ sí i lójú. "Mo ń ha á, Bàámi," ló fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Àgbò ni Abdulwaheed, bàbá rẹ̀, ń fi bọ́ọ̀sì náà kó. Yóò tú àwọn àga ẹ̀yìn kúrò, yóò kó àgbò láti Sábó lọ fún àwọn oníbàárà káàkiri Ifẹ̀. Ìtọ̀ àgbò kò sì dáa fún irin rárá. Ibi tó bá kán sí, ibẹ̀ ni yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin kan fi wà nílé wọn ní Òkèrèwè: bí àgbò bá ti sọ̀ kalẹ̀, wọn á fọ abẹ́ ọkọ̀, wọn á jẹ́ kó gbẹ, wọn á ha gbogbo ìpẹtà títí irin yóò fi máa dán, kí wọ́n tó kun ọ̀dà dúdú sí i. Abdulwaheed ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí àgbò ńlá kan tì í ṣubú láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbà fún un mọ́ láti rá wọ abẹ́ ibì kankan. Ó wá fi iṣẹ́ náà lé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́.

Mùnírátù mọ iṣẹ́ náà ṣe. Òórùn rẹ̀ ni kò fẹ́. Ní kíláàsì wọn, Títílọpẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní "Ìyá Ọlọ́dà", wọn a sì máa dimú bó bá ń kọjá. Ẹnu wá yà á nígbà tí Títílọpẹ́ pè é sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. "A máa yà pè ẹ́ lọ́sàn-án Sátidé," ni Títílọpẹ́ wí, "àmọ́ jọ̀ọ́, má wá rùn mọ́ wa lára o." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mùnírátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún dé egungun.

Ọ̀sán Sátidé náà ló wá dé yìí, abẹ́ ọkọ̀ ló sì bá a. Ó sún sápá ẹ̀yìn, níbi tí ẹsẹ̀ àga máa ń dúró lé. Bó ṣe fi àtàǹpàkò tẹ irin ibẹ̀, ìka náà wọlé. Irin fọ́ bíi bisikíìtì, ó sì ń wo inú ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó pe bàbá rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ pe wẹ́dà, kí wọ́n gé ibi tó jẹrà kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò ṣú kí wọ́n tó parí, òun náà ni wọn yóò sì ní kó máa ha á. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ló ti gbọ́ ẹ̀rín Títílọpẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú títì. Ó fa àkísà ya, ó ki í bọ inú ihò náà, ó sì da ọ̀dà bò ó. Àwọn ibi tó kù tí kò tíì ha, tí kò tilẹ̀ tíì gbẹ, ó kun gbogbo wọn fàà.

"Ṣebí àgbò ni yóò wọ̀ ọ́," ló sọ fún ara rẹ̀. "Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá sọ fún Bàámi." Ọmọ tó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá!

Bàbá rẹ̀ mú tọ́ọ̀ṣì wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ níwọ̀n tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á láyè. Gbogbo ohun tó rí ló dúdú, tó ń dán. "Ọmọ mi, o káre. Allah á jẹ́ kí o jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Mùnírátù kò lè ṣe àmín. Ó fi ọṣẹ wẹ̀, ó tún un wẹ̀, ó sì bá wọn lọ sí ọjọ́ ìbí náà. Ó jẹ, ó mu, ó jó, kò sì sẹ́ni tó dimú.

Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò rí bọ́ọ̀sì nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, Bàámi ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé àwọn ọmọ ilé-kéwú lọ sí ayẹyẹ wòlímọ̀ ní Ìpetumodù. Ọkọ̀ tí Alfa háyà ló já wọn kulẹ̀, ni wọ́n bá wá bẹ bàbá rẹ. Wọ́n ti to àwọn àga padà. Ìdrís ní ẹ̀yìn pátápátá lòun máa jókòó, kóun lè máa juwọ́ sáwọn èèyàn."

Ọmọ ọdún méje ni Ìdrís, àbúrò rẹ̀.

"Ẹ pè wọ́n! Màámi, ẹ pè wọ́n kí wọ́n dúró!"

Ìyá rẹ̀ tẹ fóònù. Orí fèrèsé yàrá ni fóònù bàbá rẹ̀ ti dún, níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí. Mùnírátù di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀.

"Ihò wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Mo rí i lánàá. Mo fi àkísà dí i, mo kun ọ̀dà lé e."

Atẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Mùnírátù! O pa mí o! Ọmọ ọlọ́mọ kún inú ọkọ̀ yẹn!"

Mùnírátù ti sáré jáde láìwọ bàtà. Ó fò mọ́ ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó rí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Ìpetumodù! Ẹ bá mi lé bọ́ọ̀sì kan bá, torí Ọlọ́run!"

Wọ́n kọjá ẹnu géètì yunifásítì. Bọ́ọ̀sì yòówù tó bá hàn lọ́ọ̀ọ́kán, ó rò pé tiwọn ni. Tí wọ́n bá sún mọ́ ọn, kì í ṣe òun. Ojú ọ̀nà kún fún kòtò, kòtò kọ̀ọ̀kan sì ń gún un láyà. "Yá Allah, èmi ni mo ṣẹ̀," ló ń sunkún wí. "Ẹ má fi jẹ Ìdrís níyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jẹ ẹ́ níyà."

Kí wọ́n tó dé Mọ̀rọ̀, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n pé jọ.

Bọ́ọ̀sì dúró gbàgbà létí ọ̀nà. Àwọn ọmọ jókòó sínú koríko pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń ké. Ọkọ̀ ti já sí kòtò, ẹsẹ̀ àga ẹ̀yìn ti lu irin já, ẹsẹ̀ Ìdrís sì ti bá ihò náà wọlẹ̀ lọ bá ọ̀dà títì tó ń sáré lábẹ́ wọn. Alfa ti fi láwàní rẹ̀ di ẹsẹ̀ ọmọ náà. Láwàní ọ̀hún kò funfun mọ́.

"Ẹ̀yin awakọ̀ ìkà!" Ọkùnrin kan ń nàka sí Abdulwaheed lójú. "Ọkọ̀ tó ti jẹrà lẹ fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ẹ má bínú," ni Abdulwaheed ń wí. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, mo rò pé ó dára ni. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ yìí dé ọsibítù."

Kò sẹ́ni tó wo Mùnírátù. Àkísà ti já bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, ihò ti fẹ̀ sí i. Bó bá panu mọ́, bàbá rẹ̀ ni yóò ru ẹ̀bi náà títí láé. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó ń bú u.

"Bàámi ò mọ̀!" ló kígbe. "Èmi ni mo rí ihò náà tí mo bò ó. Èmi ni kí ẹ bú."

Bàbá rẹ̀ kò gbá a létí. Ì bá tiẹ̀ sàn kó gbá a létí.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bàámi."

"Abẹ́ igi níbẹ̀ ni mo wà, Mùníra. Kí ló dé tí o kò pè mí?" Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn.

Ní ọsibítù, àwọn dókítà dá ẹsẹ̀ Ìdrís sí, ṣùgbọ́n wọ́n gé méjì nínú ọmọ ìka rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, Mùnírátù ló jókòó tì í. Ìdrís wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n wé náà títí.

"Àǹtí mi, eyín mi tó yọ ti hù padà. Ṣé àwọn ìka mi náà máa hù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló kọ́kọ́ wá sí Mùnírátù lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni" ì bá rọrùn láti sọ, ọmọ náà ì bá sì rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Rárá, Ìdrís. Wọn ò ní hù mọ́. Èmi ni mo fà á, màá sì sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ojú lè tì yín lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín, iṣẹ́ ilé sì lè sú yín. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀ kò tíì tán. Ó ń jẹ irin lọ nísàlẹ̀ ni, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń jókòó lé e lórí. Ẹ tètè pe àgbà nígbà tí ihò náà ṣì kéré.