Arìnrìn-àjò tí Kò Ní Ẹni tí Yóò Pàdé Rẹ̀

Bí o bá gba ojú ọ̀nà Ìkòsí kọjá ní Kétu ní ọdún 2006, o kò ní ṣàì rí ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú ńlá sí iwájú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Òkè-Òkun Airways ni. Wọn kò tíì gbé èrò kankan rí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti máa fò láti Èkó lọ sí Níú Yọ́ọ̀kì ni, láìdúró níbì kankan lójú ọ̀nà.

Ẹni tí gbogbo ìmúra náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ́gun Ṣówándé. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló lọ yá ọkọ̀ òfuurufú, òun ló wá àwọn páílọ́ọ̀tì, òun ló ń wọlé tọ àwọn aláṣẹ lọ ní Ìkejà títí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ ìró bàtà rẹ̀. Ìrẹsì tí èrò máa jẹ, òun ló tọ́ ọ wò. Aṣọ tí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ máa wọ̀, ó ní kí télọ̀ tú u, kí ó tún un rán, nítorí pé kọ́là rẹ̀ kò dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe, kì í pè é sí kọ̀rọ̀. Gbangba ni yóò ti fi í wọ́lẹ̀. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì kò tíì ṣe tán láti jẹ ọ̀gá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá sì ń dáwó, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ sókè. Ó rò pé òun àti Ọlọ́run ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Jẹ́ kí n mú ọ dé ilé rẹ̀. Inú ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn Kétu ló wà, ilé ńlá, òun nìkan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Bó bá ń jáde láàárọ̀, á fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, kó lè bá ohùn ènìyàn nílé nígbà tó bá dé. Búrẹ́dì àti sàdínì ló sábà máa ń jẹ, ní ìdúró, níbi wíńdò ilé ìdáná. Tábìlì oúnjẹ ń bẹ nínú yàrá, eruku ti bo gbogbo àga tó yí i ká. Ìdánìkanwà náà ń dùn ún, ó ń dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ilé náà kò ṣàdédé ṣófo. Ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, Vivian, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gbé oyún wálé láti yunifásítì. Adéṣẹ́gun kò lù ú, kò pariwo. Ó kó ẹrù ọmọ náà sí ẹnu géètì nínú òjò, ó sì sọ fún Fẹ́yìsayọ̀ ìyàwó rẹ̀ pé kó yan ẹni tó fẹ́ bá gbé, ọkọ ni àbí ọmọ.

Fẹ́yìsayọ̀ wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó mú agboòrùn, ó sì tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ jáde.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì lọ bá ẹ̀gbọ́n Fẹ́yìsayọ̀ ní Níú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n pe Adéṣẹ́gun títí, kò gbé fóònù. "Mi ò níyàwó, mi ò bímọ," ló máa ń dá ẹni tó bá béèrè wọn lóhùn. Wò ó bí ayé ṣe rí: ọkùnrin tó ń la ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn láti lọ rí ọmọ wọn lókè òkun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà tirẹ̀.

Ó ku bí oṣù kan kí ọkọ̀ gbéra nígbà tí wọ́n gba gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Kétu fún ìdánrawò. Wọ́n to àga bí ìjókòó inú ọkọ̀ òfuurufú, kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ lè kọ́ bí a ti ń tọ́jú èrò. Èrò kò tíì sí, nítorí náà wọ́n ní láti yá ènìyàn tó máa jókòó bí èrò.

Ẹni tó ń kọ́ wọn ni Bartholomew, àgbà òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tí òun àti Adéṣẹ́gun ti jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan rí. Ó ju Adéṣẹ́gun lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Ó kó àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá láti Ifákọ̀, ó pín ipa fún oníkálukú. Wọ́n ní kí díákónì kan ṣe bí ọ̀mùtí tó ń dààmú àwọn èrò. Díákónì náà ṣe é débi pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfuratìfura.

Ẹnì kan kò wá lọ́jọ́ náà. Bartholomew bá yíjú sí ọ̀gá tó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó síbí. Ẹ̀yin ni bàbá tó ń lọ rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́."

Adéṣẹ́gun jókòó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Súmbọ̀ wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Daddy. Ta lẹ̀ ń lọ rí ní Níú Yọ́ọ̀kì, sà?"

"Ọmọ mi."

"Ẹ kú oríire, sà! Kí lorúkọ wọn?"

"Vivian."

"Ṣé Aunty Vivian máa wá pàdé yín ní éápọ́ọ̀tù?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa bi àwọn àgbàlagbà nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe bí èrò kò bá lè fèsì. Adéṣẹ́gun yíjú sí ògiri. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Nítorí pé kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni rí i, ó sọ ọ́ di ìbínú.

"Ta ló gba olófòófó yìí síṣẹ́?" Ó ti dìde. "Máa lọ sílé ẹ! Mi ò fẹ́ rí ẹ níbí mọ́!"

Súmbọ̀ yọ báàjì orúkọ rẹ̀ kúrò láyà, ó gbé e sórí àga, ó sì sunkún jáde. Ọ̀gá náà kò wẹ̀yìn, ó bọ́ sí ọ̀nà ilé.

Nígbà tó wọlé, rédíò ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ó pa á. Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn mọ́lẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà tí Fẹ́yìsayọ̀ àti Vivian fi ń pè é tẹ́lẹ̀, tí kò pè padà rí ṣùgbọ́n tí kò gbàgbé. Òwúrọ̀ ni lọ́hùn-ún.

"Hẹlóò? Ta nìyẹn?"

"Vivian, èmi ni. Daddy ni."

Ó ń yára sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà má baà pa fóònù.

"Mummy ẹ ńkọ́? Jọ̀ọ́, gbé fóònù fún wọn."

"Mummy ti kú, Daddy. Ó ti lé lọ́dún kan." Ohùn ọmọ náà kò gbóná, kò tutù. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò níyàwó, ẹ ò bímọ. Ta la bá wá ránṣẹ́ sí?"

Ó pa fóònù.

Adéṣẹ́gun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti máa ń rò ó pé lọ́jọ́ kan inú òun á rọ̀, òun á sì pe ìyàwó òun. Kò ronú kàn án rí pé ìyàwó náà lè má dúró dè é. Ó wá ẹni tí ó lè sọ fún pé aya òun kú, kò rí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo Èkó. Báyìí ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń ṣe, ará mi. A máa gba gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ ẹni, a sì fi ẹni sílẹ̀ pẹ̀lú ara ẹni.

Ibẹ̀ ni Bartholomew bá a. Ó wá bẹ̀bẹ̀ fún Súmbọ̀ ni, àmọ́ nígbà tó rí ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀, òun náà jókòó tì í.

"Ṣẹ́gun, kí ló dé?"

"Fẹ́yìsayọ̀ ti kú. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo lé e sínú òjò."

Bartholomew kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. "Òótọ́ ni, ìwọ lo lé e. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, mi ò ní tàn ẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ ò sì lè dáríjì ẹ́ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń náwó fún ṣọ́ọ̀ṣì..."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè owó?" Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Gbọ́. Ẹni tó o ṣẹ̀ ju Fẹ́yìsayọ̀ lọ ṣì wà láàyè. Jésù kú nítorí irú èmi àtìwọ, ó jí dìde, kò sì ní kú mọ́. O ò lè ké pè é kí wọ́n sọ fún ẹ pé ó ti lọ. Bẹ̀ ẹ́, Ṣẹ́gun. Bẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ọkùnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni dojú bolẹ̀. "Jésù, mo jẹ̀bi. Ìkà ni mí. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Má fi mí sílẹ̀ lémi nìkan." Àdúrà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹkún ni ìyókù.

Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn láti òkè, Fẹ́yìsayọ̀ kò sì jí. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò kúrò. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé láti wákàtí náà, òun mọ̀ pé òun kò dá wà nínú ilé náà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì òun àti Bartholomew lọ bá Súmbọ̀ nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìṣẹrì Olówóòra, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà síṣẹ́. Ní Mọ́ńdè ó tún bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Àwọn kan rò pé ara ọ̀gá kò yá.

Vivian kò gbé fóònù rẹ̀. Adéṣẹ́gun kò sì dẹ́kun pípè. Ó dé ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ gbéra kúrò ní Èkó, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jó, tí wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Òun dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń kéré lọ lójú ọ̀run, ó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, Vivian gbé e.

"Daddy, mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì yín. Mi ò fẹ́ parọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbí tó ń béèrè yín."

Ohùn kékeré kan wọlé, ti ọmọ tí Vivian lóyún rẹ̀ nígbà náà. "Grandpa? Adédiwúrà ni. Níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?"

Òǹkàwé mi, kì í ṣe Adéṣẹ́gun nìkan ni ìbéèrè yẹn wà fún. Ọlọ́run tó dá ọ ń bi ọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí kò ṣe bí ẹni tó ti ń retí rẹ. Bóyá ìgò ọtí ló gbé ọ lọ, bóyá òògùn tí o sin mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ ní Mile 12, bóyá ẹnu rẹ tó mú jù. Ó sì lè jẹ́ pé ìjókòó iwájú ni ìwọ náà ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọkàn rẹ sì jìnnà réré.

Ọlọ́run kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ fún Jésù pé o jẹ̀bi, kí o sì gba ìdáríjì tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ rà fún ọ. Bí o bá sì dìde, tí ó ku ẹnì kan tí ó yẹ kí o bẹ̀, pè é lónìí, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè gbé fóònù.

Níbo lo ti wà látọjọ́ yìí? Dá A lóhùn.