Ohun Tí Bàbá Ògúnlànà Ń Nàka Sí

Ní àdúgbò wa ní Ìrè-Èkìtì, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé a kì í kí Bàbá Ògúnlànà ní kùtùkùtù kí a sì retí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí o bá kí i tí kò tíì run orín, ọwọ́ ni yóò gbé sókè sí ọ. Ìtumọ̀ ọwọ́ yẹn ni pé, dúró ná. Ìwọ náà á sì dúró, nítorí kí lo fẹ́ ṣe fún un?

Bàbá yóò na ọwọ́ sí àjà, yóò yọ orín rẹ̀ níbi tó fi há igi, yóò run ún títí ẹnu yóò fi mọ́, yóò sì fi omi yọ ẹnu. Ìgbà yẹn ni yóò tó dáhùn. Ìdáhùn náà yóò sì dùn débi pé o ò ní rántí pé ẹsẹ̀ ti ń ro ọ́.

"Ẹnu tí a kò tíì fọ̀," Bàbá máa ń wí, "kí la fẹ́ fi sọ tó máa mọ́?"

Alágbẹ̀dẹ ni Bàbá nígbà tí agbára wà. Èéfín èédú tó fà símú láti ìgbà èwe ló wá ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Bó bá rìn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé àìsàn náà kò ní lọ tán, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń lo ìnhélà, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fẹ́ sẹ́nu, tí eruku àti èéfín sì jìnnà sí i, yóò pẹ́ láyé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, òtútù àyà dá Bàbá wó. Súnkànmí, àkọ́bí rẹ̀, gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń bá a fọ ẹnu lórí ibùsùn. Bí ẹnu bá ti mọ́ báyìí, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ àwàdà, gbogbo wọ́ọ̀dù á máa rẹ́rìn-ín.

Kí ó tó padà wálé, ìyàwó rẹ̀, Màmá Àbíkẹ́, ti tún yàrá ṣe dè é. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa eruku, ìyá yìí kò sì fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣeré. Ó gbá ilẹ̀, ó gbá ara ògiri, ó gun àga, ó gbá àjà. Òwú aláǹtakùn, ìwé àtijọ́, gbogbo ohun tó há sáàárín igi lókè, ó kó wọn dà sí ààtàn. Ẹni tó bá rí yàrá náà á rò pé ìyàwó tuntun ló ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá jí nílé, Màmá jókòó tì í.

"Bàbá Súnkànmí, ṣé o jí ire?"

Bàbá kò fọhùn. Ó gbé ojú sókè, ó na ìka sí àjà.

"Kí ni? Ṣé òjò ń jò ni?"

Bàbá mi orí. Ó tún nàka. Màmá wo òkè, kò rí nǹkan kan, bó ṣe gbá a náà ló mọ́ kedere. Ó bu ògì gbígbóná wá. Bàbá pa ètè dé, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Màmá bẹ̀ ẹ́ títí, ó mu ṣíbí díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Alàgbà Fọlọ́runṣọ́, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré, wá kí i. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i, ó sì nàka sí àjà. Fọlọ́runṣọ́ wo ìka náà. Ó ṣí fìlà lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àbíkẹ́," ó rọra wí, "ọ̀run ló ń nàka sí. Ó ti ń rí ọ̀nà ulé."

Háà! Ẹ ò rí i bí àwa ènìyàn ṣe ń yára sin ẹni tó ṣì wà láàyè. Màmá lọgun, ó sì pe Súnkànmí lórí fóònù.

"Súnkànmí, bàbá rẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Òkè ló ń nàka sí. Ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀, ukú fẹ́ gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi!"

Ìdó-Èkìtì ni Súnkànmí àti Yẹ́misí, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Ọmọ Orin-Èkìtì ni Yẹ́misí, ìtọ́jú eyín àti ẹnu ni iṣẹ́ tó kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eyín ló sì ti ń ṣe é. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè é. Á ní òun lòun fẹ́ ẹ, pé Súnkànmí kàn bá òun gbé àpótí rẹ̀ wálé ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé. Yẹ́misí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó yín ti dé."

Omi lé ròrò sí Bàbá lójú. Ó fi ọwọ́ òsì bo ẹnu, ó fi ọ̀tún nàka sí àjà. Ni Súnkànmí bá bú sẹ́kún. Fọlọ́runṣọ́, tó ti padà wá, tún ṣí fìlà. Yẹ́misí nìkan ni kò wo àjà. Ọwọ́ tí Bàbá fi bo ẹnu ló ń wò.

"Màámi," ó wí, "ta ló ń bá Bàbá fọ ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti dé?"

"Ẹnu kẹ̀? Ẹni tí kò lè mí dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹnu fífọ̀ ló kù? Mo ń nu ojú rẹ̀, mo ń nu ara rẹ̀. N ò fẹ́ kó ṣe uṣẹ́ kankan tó máa rẹ̀ ẹ́."

"Ìnhélà ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni mò ń bá a tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu, àárọ̀ àti alẹ́. N kì í jẹ́ kí omi kan ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kí oògùn má baà ṣan dànù."

Yẹ́misí náà wá gbé ojú sókè sí àjà, ó sì yí padà sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màámi, orín Bàbá dà?"

Màmá wo ibi tí orín máa ń há sí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ó mọ́ kedere.

"Yéè! Mo ti gbá a dànù."

Bàbá wá ń mi orí sókè sódò bí alángbá. Alàgbà Fọlọ́runṣọ́ rọra dá fìlà rẹ̀ padà sórí.

Yẹ́misí tan iná fóònù, ó ní kí Bàbá la ẹnu. Erìgì ti pọ́n. Ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti funfun bí ìgbà tí omi ògì gbẹ mọ́ ọn.

"Ẹ wò ó, Màámi. Oògùn inú ìnhélà yìí, àyà ló ń bá lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń kù sẹ́nu. Èyí tó lọ sí àyà ti dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀. Èyí tó kù sẹ́nu ló yẹ kí á fi omi yọ, kí á tu ú dànù. Bí a bá fi í sílẹ̀, nǹkan funfun yìí ló máa ń hù, á sì máa ta èèyàn bó bá ń jẹun."

"Áà! Abájọ tó fi ń sá fún ògì mi."

"Ìyẹn nìkan kọ́. Kòkòrò àìsàn máa ń pọ̀ nínú ẹnu tí a kò fọ̀. Bí aláìsàn bá sùn, itọ́ lè ṣì ọ̀nà gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró tó le lè lé e jáde. Ti Bàbá kò lágbára mọ́, òtútù àyà lè tún ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ọkọ mi?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màámi." Yẹ́misí dì mọ́ ọn. "Ẹ̀yin lẹ gbá eruku tí ì bá dá ikọ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu nìkan la gbàgbé."

Màmá fò dìde, ó fẹ́ lọ ṣá orín tútù wá lẹ́yìnkùlé. Yẹ́misí dá a dúró. Ó ní ẹnu tó ti bó kò ní gba orín lónìí, pé búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ dáadáa ni wọn yóò lò, àti pé bí ara bá yá tán, Bàbá lè padà sí orín rẹ̀, bó bá rún un dáadáa kó rọ̀. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì tuntun jáde nínú báàgì.

"Ó yá, fọ̀ ọ́ fún un," Màmá wí. Ó wá rò ó. "Àbí, báwo ni ìyàwó ulé ṣe máa ki ọwọ́ bọ bàbá ọkọ lẹ́nu?"

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ mi ni, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, Màámi. Ẹ̀yin lẹ jọ ń jí láràárọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Súnkànmí gbé bàbá rẹ̀ jókòó, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, torí a kì í fọ ẹnu fún ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí omi má baà pá a lórí. Yẹ́misí fi ọṣẹ ìfọyín bíńtín sórí búrọ́ọ̀ṣì, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

"Ẹ rọra. Eyín, erìgì, kí ẹ wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kan ahọ́n. Bí wọ́n bá ti ń mí sókè, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n simi. Kò sí ẹni tó ń lé wa."

Màmá ń fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò wo inú ẹnu ọkọ rẹ̀ rí.

"Bàbá Súnkànmí! Eyín rẹ ṣì pé báyìí? Wọ́n ní funfun niyì eyín, n ò mọ̀ pé ulé mi ni iyì wà."

Bàbá di etí ìró Màmá mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tu itọ́ sínú abọ́, ó fi omi díẹ̀ yọ ẹnu, ó tún tu ú. Gbogbo wa mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ó gbé ọwọ́ sókè: ẹ dúró ná. Wọ́n dúró. Ó mí, ó tún mí.

"Àbíkẹ́."

"Èmi rè é, ọkọ mi."

"O káàárọ̀."

Màmá fi ìdí ìró nu ojú. "Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ o, Bàbá Súnkànmí."

"Mo mọ̀. Ti àná nìyẹn. Ti òní ń bọ̀." Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Fọlọ́runṣọ́, ọ̀nà ulé wo lo ní mo rí? Ulé ta ni mo wà? Orín mi ni mò ń wá."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá náà. Súnkànmí ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Yẹ́misí ní tirẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Bàbá, ó sì rí i pé ara rẹ̀ ti ń gbóná díẹ̀.

"Ẹnu mímọ́ kò dípò dókítà," ó wí. "A kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí á tó lọ."

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà ní òtútù àyà ti ń gbìyànjú àtipadà, pé inú òun dùn pé wọ́n tètè dé. Ó fún Bàbá ní oògùn rẹ̀ àti ti nǹkan funfun ẹnu. Bàbá sàn, ó sì padà wálé.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní ẹni tó ní ásímà, tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu nínú ilé, ẹ gbọ́ tiwa. Bí aláìsàn kò bá lè fọ ẹnu fúnra rẹ̀, ẹ bá a fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kó tó sùn. Kó jókòó, kí búrọ́ọ̀ṣì rọ̀, kí ẹ máa dúró fún un kó mí. Bí ó bá lo ìnhélà, kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kó má gbé e mì. Ẹ má sì torí ẹnu tó ń ta á dá ìnhélà dúró fúnra yín o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ lọ fi ẹnu náà han dókítà.

Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó yọ ọ́ bó bá fẹ́ sùn, kó sì fọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ẹ sọ fún un pé àyà ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ sì mú ìnhélà yín dání. Bí ikọ́ bá ń pọ̀ sí i, tí ara ń gbóná tàbí tí èémí ń wọ́n, ẹ má dúró wo ohun tí aládùúgbò máa sọ. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ.

Lónìí, bí o bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ògúnlànà láàárọ̀, má yára kí wọn. Wàá rí òun àti Màmá Àbíkẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Bàbá, orín tuntun lẹ́nu Màmá. Àwọn méjèèjì ni yóò gbé ọwọ́ sókè sí ọ báyìí. Dúró ná. Wọn yóò dá ọ lóhùn.