Ọwọ́-yá àti Àwo Tó Wà Láàárín

"Ọwọ́-yá" ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì kan ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí dókítà tó na ọwọ́ tán, irinṣẹ́ ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà ń dá abẹ́rẹ́ tó fi rán ojú ọgbẹ́ padà. Ọwọ́ pàdé ọwọ́, abẹ́rẹ́ gún nọ́ọ̀sì ní ìka. Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń fún ìka náà níbi tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́.

Bàbá tó ń fọ irinṣẹ́ rí i. "Kí ló gún ọ?"

"Kò tó nǹkan, Bàbá. Ẹ̀fọn ń jẹ mí jù báyìí lọ."

"Ẹ̀fọn kì í gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé. Má fún un mọ́. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́." Ó ṣí omi fún un. "Ṣé o ti sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì?"

"Kí n lọ sọ pé abẹ́rẹ́ gún Ọwọ́-yá? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dọdún tó ń bọ̀. Aláìsàn yẹn ò sì jọ ẹni tó ní àrùn."

"Wọn kì í kọ ọ́ síwájú orí." Ohùn bàbá rẹlẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ mi ló ń tún yàrá yìí ṣe kí o tó dé. Abẹ́rẹ́ gún un, ó lẹ nǹkan mọ́ ọn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè la tó mọ̀ pé àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni. Òun ló pa á."

Nọ́ọ̀sì wo ìka rẹ̀.

"Ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, Bàbá."

"Ó yá, dìde."

Ó sìn ín dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti aláìsàn wò, wọ́n fún un ní oògùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí yóò ṣe nípa ọmú ọmọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó sọ pé ara rẹ̀ mọ́.

Nígbà iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀ lé èyí tí abẹ́rẹ́ ti gún un, dókítà na ọwọ́ bí ìṣe rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé abẹ sínú àwo, ó gbé àwo sáàárín àwọn méjèèjì.

"Abẹ wà nínú àwo, ọ̀gá."

"Ọwọ́-yá, ọwọ́ ti wá ń falẹ̀?"

"Ó ń falẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà falẹ̀."

Dókítà mú un nínú àwo.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ má fi ohun mímú lé ara yín lọ́wọ́. Inú àwo ni kó gbà kọjá. Ẹ má dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ pé. Bí nǹkan bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ ní wákàtí yẹn gan-an, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́. Ẹni tó ń retí yín nílé kò béèrè bóyá ọwọ́ yín yá.